Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà: Ìdí tí Èrò Fi Ń Wòran Nígbà tí Ẹnìkan Bá Wà Nínú Ewu

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé wa ní Ìsọlọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó

   

 Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwà ọmọlúàbí ní ayé òde òní. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, a sì ti sọ ọ́ títí láàárín ara wa. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan péré nínú rẹ̀, èyí tí ó ń dun èmi fúnra mi. Kí ló dé tí ogójì èèyàn yóò fi dúró yí ẹni tí ó ń kú lọ ká, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní na ọwọ́ sí i?

Ẹni tí yóò bá ẹlòmíràn wí, ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, àti ohun tí èmi náà ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Cele, ní etí ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ láti Òṣòdì sí Àpápá. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ dánfó kan rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ọkọ̀ náà yà fìrì, ọmọ náà já bọ́, orí ni ó sì fi lulẹ̀. Awakọ̀ kò dúró. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, èrò ti pé lé e lórí. Mo wà láàárín wọn. Mo dé fìlà funfun, ìdè mi wà lọ́rùn ọwọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wò mí yóò sọ pé àgbàlagbà kan nìyẹn.

Mo wo ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ṣàn lórí ọ̀dà. Mo wo ojú ẹni tí ó dúró lápá ọ̀tún mi, ojú rẹ̀ tutù bí ẹni pé kò sí nǹkan. Mo wo apá òsì, obìnrin kan ká ọwọ́ lérí, kò sì sún kúrò lójú kan. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ẹnìkan yóò ti pe àwọn tí ó yẹ kí a pè. Àwọn ọ̀dọ́ méjì gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya fídíò. Ẹnìkan ń ké lẹ́yìn pé, “Ẹ gbà á o! Ẹ gbé e o! Ẹ dákun, ẹ ṣe nǹkan!” Kò sí ẹni tí ó gbé e. Òun tí ó ń ké gan-an kò gbé e. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá lórí wa báyìí.

Nígbà náà ni obìnrin kan tí ó ń yan bọ̀ọ̀lì létí títì fi ààrò rẹ̀ sílẹ̀. Ó la àárín èrò kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ọmọ náà, ó sì dìde. Ó na ìka sí mi ní tààrà: “Bàbá onífìlà funfun, ẹ wá di orí rẹ̀ mú, ẹ má jẹ́ kó yí.” Ó na ìka sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan: “Ìwọ tó wọ aṣọ bọ́ọ̀lù pupa, lọ dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró.” Ó yíjú sí èyí tí ó ń ya fídíò: “Ìwọ, fi fóònù yẹn pe 767.” Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà.

Ó dà bí ẹni pé ó já okùn kan tí wọ́n fi dè mí mọ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ọmọkùnrin aláṣọ pupa ti sáré lọ. Àwa tí a ti dúró bí ère láti ìgbà yìí, a wá di òṣìṣẹ́ lójijì. Ọkọ̀ aláìsàn ń pẹ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, nítorí náà a fi kẹ̀kẹ́ gbé e. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí a dé ní kí a lọ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá wá, kí a sì san owó sílẹ̀. Èkejì gbà á wọlé. Ọmọ náà yè.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ wá mi dé ilé, ó kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtìjú ni ọpẹ́ náà jẹ́ fún mi. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé mo jẹ ọmọ rẹ̀ ní gbèsè ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ó. Kí ni obìnrin oníbọ̀ọ̀lì yẹn ṣe tí ẹni tí ó ń ké “Ẹ gbà á o” kò ṣe? Ohùn ẹni àkọ́kọ́ ròkè ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ pe gbogbo wa, obìnrin náà sì pe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ. Ìpè tí a bá pe gbogbo ayé, olúkúlùkù ni yóò rò pé ẹlòmíràn ni a ń pè. Ìpè tí a bá pe ẹnìkan ni ẹsẹ̀ máa ń gbọ́.

Mo mọ̀ pé bí a bá rí irú nǹkan báyìí, ohun tí a máa ń sọ ni pé ayé ti bàjẹ́, pé àánú ti tán lójú ọmọ aráyé, pé Èkó ti sọ èèyàn di òkúta. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Òkúta kì í làágùn. Àtẹ́lẹwọ́ mi rin fún òógùn ní gbogbo ìgbà tí mo fi dúró ní Cele.

Àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ti wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1964, ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, apànìyàn kan kọ lu obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kitty Genovese lóru, nítòsí ilé rẹ̀, ó sì pa á. Ìwé ìròyìn New York Times gbé e jáde pé èèyàn 38 ni ó rí i tí kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà dé gbogbo ayé. Nígbà tí ó yá, ó hàn gbangba pé àsọdùn wà nínú ìròyìn yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará àdúgbò kò rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, igbe lásán ni wọ́n gbọ́. Obìnrin aládùúgbò kan tilẹ̀ sáré sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, ó sì gbé e sí àyà títí ìrànlọ́wọ́ fi dé. Mo ń sọ èyí kí a lè mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìtàn nípa ọ̀dájú ènìyàn ni ó jẹ́ òótọ́ tán.

Síbẹ̀, ìròyìn náà mú kí àwọn olùkọ́ méjì, Bibb Latané àti John Darley, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1968. Nínú ọ̀kan, wọ́n fi àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga jókòó sínú yàrá, wọ́n sì jẹ́ kí èéfín máa wọlé láti ara ògiri. Nínú àwọn tí ó dá jókòó, ìdá 75 nínú 100 ni ó jáde lọ sọ fún ẹnìkan. Nígbà tí èèyàn mẹ́ta tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ jọ jókòó, ìdá 38 péré nínú 100 àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta náà ni ẹnìkan ti dìde lọ sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n sì fi ẹnìkan sáàárín àwọn méjì tí wọ́n ti kọ́ pé kí wọ́n má ṣe bí ẹni pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, ìdá 10 nínú 100 ni ó lọ sọ. Àwọn yòókù jókòó sínú èéfín, wọ́n ń wú ikọ́, wọ́n ń nu ojú.

Nínú èkejì, akẹ́kọ̀ọ́ kan ń gbọ́ ohùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti yàrá mìíràn, gìrì sì mú ẹlẹgbẹ́ náà lójijì. Nínú àwọn tí ó rò pé àwọn nìkan ni ó ń gbọ́, ìdá 85 nínú 100 ni ó sáré lọ wá ìrànlọ́wọ́ kí ohùn náà tó dákẹ́. Nínú àwọn tí ó rò pé èèyàn mẹ́rin mìíràn ń gbọ́ ọ, ó jẹ́ ìdá 31. Ẹ fetí sí èyí tí ó kàn: àwọn tí kò dìde yẹn kì í ṣe aláìláàánú. Nígbà tí wọ́n lọ bá wọn, ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ wọn rin fún òógùn, wọ́n sì ń béèrè bóyá ẹni náà ti bọ́. Nígbà tí mo ka èyí, mo rí ara mi ní Cele.

Ohun méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èkíní ni pé ẹrù ọ̀ràn náà, bí èèyàn bá ti pọ̀ sí i, ni ó ń fúyẹ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá dá wà, tèmi ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá jẹ́ ogójì, ìdá kan nínú ogójì ni ó kàn mí, èyí kò sì tó láti gbé ẹsẹ̀ mi. Èkejì ni pé ojú ara wa ni a ń kà. Mo wo ojú rẹ láti mọ̀ bóyá ewu ni, ìwọ náà ń wo tèmi. Àwa méjèèjì ń fi ìpayà pa mọ́ kí a má bàa dà bí ọ̀gbẹ̀rì láàárín ọjà. Báyìí ni a ṣe ń fi ìdákẹ́jẹ́ tan ara wa jẹ.

Àwa ará Òṣòdì tún ní ẹ̀kẹta: ìkánjú. Ní ọdún 1973, Darley àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Batson, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra láti di àlùfáà ìjọ. Wọ́n ní kí wọ́n lọ sọ̀rọ̀ ní ilé kejì, wọ́n sì gbé ọkùnrin kan dùbúlẹ̀ sí ọ̀nà tí wọn yóò gbà, tí ó ń kérora. Nínú àwọn tí wọ́n sọ fún pé àyè ṣì wà, ìdá 63 nínú 100 ni ó dúró. Nínú àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti pẹ́, ìdá 10 ni. Àwọn kan nínú àwọn tí ó kọjá lọ yìí, orí ìtàn ẹni tí ó ran onífarapa lọ́wọ́ lójú ọ̀nà gan-an ni wọ́n ń lọ sọ̀rọ̀ lé! Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwa náà ń kánjú láti wá sọ̀rọ̀ ọmọlúàbí. Bí ẹnìkan bá ṣubú lábẹ́ afárá Òṣòdì lónìí, mélòó nínú wa ni ìbá pẹ́ dé ìpàdé yìí nítorí rẹ̀?

Mo ti pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí. Òkè-Àfà kò jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó wà láyé nígbà tí ọ̀ràn ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2002 ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni. Ní ìrọ̀lẹ́, iná ran ibi tí àwọn ọmọ ogun kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà, àdó olóró sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Ilé ń mì, ojú ọ̀run ń pọ́n, fèrèsé ń fọ́ ní ibi tí ó jìnnà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan rò pé ogun ti dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń sá, ìyá ń gbé ọmọ, ọmọ ń wá ìyá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ọ̀nà ìhà Ìsọlọ̀ yìí, títí wọ́n fi dé etí kánáàlì Òkè-Àfà. Ilẹ̀ ti ṣú. Ewé orí omi ti bo ojú kánáàlì náà, ó dà bí ilẹ̀ tí koríko hù sí. Àwọn tí ó ṣáájú kó wọ inú omi. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò rí ohun tí ó wà níwájú. Ẹ̀yìn ẹni tí ó ń sá ni wọ́n rí, àwọn náà sì ń sá. Àwọn tí ó kú nínú ìjàǹbá ọjọ́ náà lápapọ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, inú omi yẹn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì kú sí, pàápàá àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé. Ibi tí a sin wọ́n sí wà ní Òkè-Àfà títí di òní, àwọn ẹbí sì ń pàdé níbẹ̀ láti ṣe ìrántí wọn.

N kò mẹ́nu ba àwọn òkú wa láti dá wọn lẹ́bi. Kí ilẹ̀ má ṣe jẹ́ kí n rí irú rẹ̀. Ẹni tí àdó olóró ń bú lẹ́yìn rẹ̀ kò ní àyè àròjinlẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìdúró wa ní Cele àti ìsáré ti Òkè-Àfà, ìyá kan náà ni ó bí wọn. Níbi méjèèjì, ara ẹlòmíràn ni olúkúlùkù fi ń mọ ohun tí yóò ṣe. Ní Cele, mo rí ẹni tí ó dúró, mo dúró. Ní Òkè-Àfà, wọ́n rí ẹni tí ó ń sá, wọ́n sá. Níbi méjèèjì, ohun tí a wá tì ni ohùn kan tí yóò yà sọ́tọ̀, tí yóò sọ ohun tí ó rí: “Omi ni o! Ẹ dúró!” Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti ké e. Ṣùgbọ́n nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀, ohùn tí a kò yàn tẹ́lẹ̀, tí a kò sì kọ́ èèyàn láti tẹ̀ lé, níbo ni yóò gbà dé etí?

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà wa. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A ti ń pa òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún un wò. Ọjà ni wọ́n sọ, ibi tí èrò pọ̀ sí jù. Orí ọmọ tuntun ni wọ́n sọ, ohun tí gbogbo èèyàn lè rí, tí ẹnikẹ́ni sì lè tọ́wọ́ bọ̀. Ta ni wọ́n wá gbé e fún? Wọn kò wí pé èrò kì í wà lọ́jà. Wọn kò wí pé ọjà kì í kún. Àgbà ni wọ́n wí. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí a bá fi sílẹ̀ fún gbogbo ọjà, orí rẹ̀ yóò wọ́ ni, nítorí náà wọ́n yan ẹnìkan sí i. Ní Cele, èmi ni àgbà tí ó wà lọ́jà, orí ọmọ náà sì wọ́ lójú mi. Ẹni tí ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ni ó ṣe àgbà lọ́jọ́ náà.

Ẹ wo bí a ti to ìlú wa láyé àtijọ́. Bí ẹnìkan bá sọnù sínú igbó, kì í ṣe gbogbo ìlú ni a ń ké sí, ọdẹ ni. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, a mọ ẹni tí a ó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lọ́jà, ìyálọ́jà wà níbẹ̀. Agbo ilé ní baálé, àdúgbò ní olórí, olúkúlùkù ẹgbẹ́ ní ìyálóde àti balógun. Nígbà tí a bá sì fẹ́ kí ẹnìkan ṣe ohun tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, oríkì rẹ̀ ni a fi ń pè é, kí orí rẹ̀ lè wú. Oríkì kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ẹnìkan ni ó ni ín, nígbà tí ó bá sì gbọ́ ọ, kò lè ṣe bí ẹni pé ẹlòmíràn ni a ń pè. Ohun tí obìnrin oníbọ̀ọ̀lì ṣe ní Cele nìyẹn. Kò mọ oríkì mi, ó fi fìlà mi pè mí.

Nísinsìnyí, a wà ní ìlú tí aládùúgbò kò mọ orúkọ aládùúgbò. Ní Òṣòdì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àjèjì ni ó ń kọjá lára ara wọn láàárín wákàtí kan. A ti pàdánù orúkọ, ṣùgbọ́n a kò tíì pàdánù ìka tí a fi ń nà sí ènìyàn.

Ẹnìkan lè sọ pé òwe mìíràn wà. Wọ́n ní bí iná bá ń jóni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni ni à á kọ́kọ́ gbọ̀n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀: kọ́kọ́. Ẹni tí ó bá gbọn tirẹ̀ tán, tí ó wá ká ọwọ́ gbera, kò tíì pa òwe náà dé ìparí.

Ìbẹ̀rù tí ó wà nílẹ̀ Èkó kì í sì í ṣe àròsọ, ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tí ó gbé onífarapa ń bẹ̀rù pé wọn yóò sọ pé òun ni ó ṣe é. Ó ń bẹ̀rù owó ilé ìwòsàn. Ó ń bẹ̀rù pé ẹ̀tàn àwọn ọlọ́ṣà ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí òfin wí. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè yìí, ti ọdún 2014, kà á léèwọ̀ fún ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, nítorí ìdí yòówù. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ₦100,000 tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ní ti ẹni tí ìbọn bà, òfin kan wà láti ọdún 2017 tí ó pa á láṣẹ pé kí ilé ìwòsàn gbà á, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Òfin kan náà sọ pé ojúṣe olúkúlùkù ni láti ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ dé ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ jù. Èmi kò mọ èyí ní ọjọ́ tí wọ́n dá wa padà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn àkọ́kọ́. Bí mo bá mọ̀ ọ́n ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀ lẹ́nu mi.

Ó ku apá kan tí ó burú jù, ó sì kan àwa tí a jókòó síbí ní pàtàkì. Nígbà mìíràn, èrò kì í dúró lásán, ó ń fi ọwọ́ kún un. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Aluu, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ní ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2012. Wọ́n fi ẹ̀sùn olè kan akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, wọ́n nà wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Fóònù wà lọ́wọ́ àwọn òǹwòran, wọ́n sì ya á sílẹ̀. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ọlọ́pàá sì wà lára wọn. Gbogbo ọwọ́ ni ó sọ òkúta, nítorí náà kò sí ọwọ́ tí ó rò pé tòun ni ó pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹbọ lọ sí oríta, ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹnìkan péré ni ó máa kọ́kọ́ pariwo “afiniṣòwò ni!” Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí ó lè yọni ni ẹnìkan nínú èrò tí yóò bọ́ síwájú, tí yóò wí pé, “Ẹ dúró. Kí ni ó ṣe? Ta ni ó rí i?” Bí a bá ń fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tiwa, a gbọ́dọ̀ jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí, ì báà jẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè ní olè.

Ọ̀rọ̀ ìtùnú náà wà. Ní ọdún 2019, àwọn olùṣèwádìí kan tẹ àbájáde jáde lórí ìjà 219 tí ẹ̀rọ ayàwòrán ìgboro ká sílẹ̀ ní Amsterdam, ní Lancaster nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní Cape Town nílẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Nínú mẹ́sàn-án ninú mẹ́wàá, ó kéré tán ẹnìkan bọ́ síwájú láti làjà. Bí èrò sì ti pọ̀ tó ni ó ṣeé ṣe tó pé ẹnìkan yóò ṣe é. Níbi ìjà ìta gbangba, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Èrò kì í ṣe ọ̀tá wa. Àgbájọ ọwọ́ la ṣì fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ na ọwọ́ kí a tó rí ohun tí a ó kó jọ.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́.

Bí ìwọ ni ọ̀ràn bá dé bá, tí ẹnu rẹ sì lè sọ̀rọ̀, má ṣe ké pe gbogbo èèyàn. Wo ojú ẹnìkan, fi aṣọ rẹ̀ pè é, sọ ohun tí o fẹ́ kí ó ṣe.

Bí o bá wà nínú èrò, ṣe bí ẹni pé ìwọ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Má ṣe rò pé wọ́n ti pe ìrànlọ́wọ́. Nọ́ńbà 112 àti 767 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ń lò. Fi wọ́n sínú fóònù rẹ kí o tó sùn lálẹ́ òní.

Sọ ohun tí o rí sókè: “Ẹni yìí kò mí dáadáa,” “Ẹ̀jẹ̀ ń dà,” “Omi ni iwájú yẹn.” Ọ̀rọ̀ rẹ ni yóò tú ojú àwọn yòókù.

Fi aṣọ mímọ́ tẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, má sì yára yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó fi orí tàbí ẹ̀yìn lulẹ̀, má ṣe gbé e yẹ́gẹyẹ̀gẹ, àfi bí ewu mìíràn bá ń bọ̀ wá bá a níbẹ̀. Àwọn Red Cross ti Nàìjíríà ń kọ́ni ní ìtọ́jú àkọ́kọ́. Mo dábàá pé kí ó kéré tán èèyàn méjì láti inú agbo kọ̀ọ̀kan lọ kọ́ ọ kí ọdún yìí tó parí.

Ní ìparí, nínú gbogbo ọdún àti àpèjọ wa, kí a tó lu ìlù, kí a dárúkọ ẹni méjì sí etí gbogbo èèyàn: “Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, lágbájá ni yóò pe ìrànlọ́wọ́, tàmẹ̀dù ni yóò darí wa gba ọ̀nà ìjáde.” Kò gba ìṣẹ́jú kan. Bí a bá tún ń lọ ṣe ìrántí ní Òkè-Àfà, ẹ jẹ́ kí èyí jẹ́ ara ohun tí a mú lọ fún àwọn òkú wa.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá ọmọ yẹn ṣì máa ń kí mi títí di òní bí a bá pàdé ní ọjà Ìsọlọ̀. Ó ń pè mí ní bàbá tí ó gba ọmọ òun là. Mo ti sọ òtítọ́ fún un, pé obìnrin oníbọ̀ọ̀lì ni, pé èmi dúró ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin kúkú ni ẹ di orí rẹ̀ mú.” Bẹ́ẹ̀ ni, mo dì í mú. Wọ́n pè mí ni.

Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Kí orí wa má ṣe wọ́ lọ́jà. Bí ó bá sì fẹ́ wọ́, kí àgbà wà níbẹ̀, kí àgbà náà má sì ṣe dúró de ẹni tí yóò pè é.

Àṣẹ.